Àgbọ̀n Lórí Èjìká

Ní Ravenbeck, kí ẹni méjì tó jà, wọ́n á kọ́kọ́ dì mọ́ra wọn.
Àgbọ̀n mi lórí èjìká rẹ, àgbọ̀n rẹ lórí èjìká mi,
ọwọ́ á pàdé lẹ́yìn bí ìkọ́ ilẹ̀kùn.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú ọwọ́ ti pàdánù.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ fara kan koríko, ó tán.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìyá mi débẹ̀,
ìlú àárín òkè ní Cumbria, tí òjò ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀
bí ẹni ń yọjú wo ilé onílé.
Mo rò pé Joss Mossop fẹ́ kí mi ni.
Mo dì mọ́ ọn. Ó gbé mi. Mo rí ojú ọ̀run.
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Ọ̀gbẹ́ni Birkett nìkan ni kò rẹ́rìn-ín:
"Dìde. O gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ sílé."
Lálẹ́, ìyá mi fi omi gbígbóná jó mi lẹ́yìn, ó ní
bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Mo wo iwájú. Joss ni mo rí níbẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni Birkett, etí rẹ̀ kan ti wú di kókó.
Lọ́dún tí wọ́n bí mi ló bẹ̀rẹ̀,
ọmọ mẹ́fà, tapólì kan tó ń jò.
Nígbà tí mo fi dé, a ti pé mọ́kànlélógójì,
àpótí gíláàsì ẹnu ọ̀nà ò gba ife mọ́,
wọ́n wá ń tò wọ́n sí yàrá ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọ̀dùnkún.
Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn bàbá á ti ibi ìwakùsà irin bọ̀,
eruku pupa létí wọn, pupa bí osùn,
wọ́n á jókòó sórí koríko tútù, wọn ò ní sọ̀rọ̀.
Bí wọ́n bá mi orí lẹ́ẹ̀kan, o ti jẹ oyè.

Hilda Fearon, ìyá àgbà ẹnì kan (mi ò rántí ẹni náà mọ́),
ló ń fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sára ṣòkòtò àrán wa.
Ó bi ìyá mi pé kí ni kóun yà sí tèmi.
Ìyá mi ronú títí. "Ìtàkùn ẹ̀gúsí."
Hilda ò rí ẹ̀gúsí rí láyé.
Ohun tó yà jọ kùkúmbà tí inú ń bí.
Mo wọ̀ ọ́. Odindi ọdún méjì, kò sẹ́ni tó dá mi,
àní Joss pàápàá.

Wọn ò kéde òpin.
Fèrè ibi ìwakùsà kàn kọ̀, kò dún, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan.
Àwọn Mossop kó lọ sí Barrow. Joss wọṣẹ́ ológun.
Mọ́kàndínlógún. Méje.
Ọ̀gá tuntun bèèrè ìwé adójútòfò:
ta ni yóò sanwó bí ọrùn ọmọ bá ṣẹ́?
Ìlú náà ṣubú. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọdé ni, tàbí àgbà;
kò wo ibì kankan.

Wọ́n kọ̀wé sí mi pé ó ku ẹyọ kan ṣoṣo,
Tamsin Skelton, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
tí kò rẹ́ni bá jà.
Birkett bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó rọra tẹ orúnkún rẹ̀ tó ti bàjẹ́,
ó gbé àgbọ̀n lé e léjìká.
Ọmọ náà mọ̀ pé òun lè dá a.
Wọ́n ní wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí agogo fi lù,
wọn ò yí, wọn ò tú ọwọ́.

Ṣòkòtò náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní Leeds.
Kò kọjá orúnkún mi mọ́.
Ọmọ mi obìnrin nà án síwájú wíńdò,
ó ní irú ewébẹ̀ wo nìyí.
Mo ní ẹ̀gúsí ni.
Ó wò ó, ó wò mí.
Ó ní irọ́ ni.